Ẹ̀dà Kejì

Ní Rosetown, níbi tí ilẹ̀ Saskatchewan ti tẹ́ pẹrẹsẹ
bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀,
àká méjì ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́.
Ọ̀kan jẹ́ irin, ó ga ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ, àlìkámà ló wà níkùn rẹ̀.
Èkejì kò ju páálí bàtà lọ,
ó ń kùn bí oyin lábẹ́ tábìlì Darlene,
òǹkà gbogbo ọkà tó gorí òṣùwọ̀n ló wà nínú rẹ̀:
ta ló gbé e wá, tọ́ọ̀nù mélòó,
ṣé ó gbẹ àbí ó tutù, èló la jẹ ẹ́.

Tẹ́lẹ̀, Darlene Friesen ló ń da òǹkà náà sínú fìláàṣì lọ́jọ́ Ẹtì,
á so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, á gbé e relé.
Ọ̀sẹ̀ tí yìnyín bá dí ọ̀nà, kò ní í wá.
Ọ̀sẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ bímọ, ó gbàgbé.
Mo ní kó sinmi.
Mo jókòó, mo kọ àṣẹ ìlà mọ́kànlélógún
tí kì í ṣàìsàn, tí kì í lọ kí ọmọ tuntun:
Bí aago méjì òru bá lù, jí.
Ṣí àká. Da gbogbo rẹ̀ kọ. Fún un mọ́ra. Tì í ní kọ́kọ́rọ́.
Rán an lọ sí Regina, sí ẹ̀rọ kan tí n kò fojú rí rí,
nínú yàrá tútù tí n kò mọ ojúlé rẹ̀.
Bó bá gúnlẹ̀, kọ̀wé sí mi.
Àràárọ̀ ni ìwé ń dé: Ó gúnlẹ̀. Ó gúnlẹ̀.
Mo ń mu kọfí mi. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àbí?

Oṣù kọkànlá ni Darlene ṣi bọ́tìnì kan tẹ̀.
Ìkórè ìdílé Klassen pòórá látòkèdélẹ̀.
"Má mikàn," mo ní. Mo ránṣẹ́ sí Regina.
Ẹrù dé. Mo tú u.
Òfìfo.
Tàná, òfìfo. Tìjẹta, òfìfo.
Òru mọ́kànlá ni ìránṣẹ́ mi fi ń ru àpò ṣófo
kọjá lórí pápá dídì,
tó ń jíṣẹ́ pé òun ti dé. Kò purọ́. Ó dé.
A ti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà àká, a ò sọ fún un,
èmi náà ò sì bi í pé: kí lo rù?
Èmi tí mo ń jẹun nídìí òṣùwọ̀n!

Ìwé kòkó bàbá mi ní Ilé-Olújì ló sọ sí mi lọ́kàn,
ìsàlẹ̀ àpótí igi ló ń gbé, èèpo pupa.
Lọ́jọ́ tí a ṣí i, ikán ti jẹ ẹ́ já;
èèpo nìkan ló kù, ó le gbagidi, ó ń tan ojú jẹ.
Bàbá ò lè sọ̀rọ̀.
Ìyá mi tí kò mọ̀wé kà ló dìde nídìí ààrò, tó ń nu ọwọ́:
"Akínfọlárìn, àpò mẹ́sàn-án.
Ògúnlúsì, méjì àbọ̀, ó tutù, ẹ yọ díẹ̀ lára rẹ̀…"
A kọ ọ́ títí epo fi tán nínú àtùpà.
Ta ló rán an níṣẹ́ yẹn?

Darlene ti dúró lẹ́yìn mi, n kò mọ̀.
Ó gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé tábìlì, fìláàṣì ṣì wà lára rẹ̀.
"Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá nìyẹn," ló wí. "Ó ti mọ́ mi lára."

Mo ti fi ìlà mẹ́rin kún àṣẹ náà:
Bó bá dé Regina, tú u níbẹ̀. Kà á. Wọ̀n ọ́n.
Bó bá fúyẹ́ ju tàná lọ, pè mí,
bó ti wù kí òru ó jìn tó.
Lóru àná, fóònù dún. Mo fò dìde, ọkàn mi ń lù kìkì.
Ìyá mi ni. Ó ní ojúmọ́ ti mọ́ lọ́dọ̀ àwọn,
ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti jẹun.