Alápàńdẹ̀dẹ̀ Leida

Ológbò pa ìyá rẹ̀ ní Võru.
Leida gbé e sínú páálí bàtà olóògbé ọkọ rẹ̀.

Eṣinṣin. Ìrẹ̀. Omi lórí ìka.
Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ di alẹ́ tí kì í ṣú,
ẹnu náà ń ké, "Ó kù!"

Lọ́sẹ̀ kẹta, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.
Ó ń sọ kòkòrò sókè; ẹyẹ ń gán an.

Ó ṣí fèrèsé abà. Ẹyẹ bà sórí okùn aṣọ,
ó ń wo ilé.
Leida kọjú sí ọ̀dùnkún tó ń bó:
àwòjù ni kì í jẹ́ kálejò dìde.
Ìgbà tó bojú wẹ̀yìn, okùn ló ń mì.

Páálí ṣì wà lórí tábìlì.
Kò tíì gbọn ìgbẹ́ inú rẹ̀ dànù.