Dúdú Inú Gíláàsì

Sátidé, òjò Doncaster ń ṣe wínníwínní,
ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn owó ilé àti owó gáàsì wà lápò mi:
igba pọ́n-ùn ó lé díẹ̀,
alẹ́ mélòó kan tí mo fi di páálí títí ẹ̀yìn fi ń ro mí.
Mo ní lónìí ni n ó ra tẹlifíṣọ̀n.

Ògiri kan nínú ìsọ̀ náà kún fún ojú tí kì í padé.
Odídẹrẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń gbé kiri.
Odídẹrẹ́ tí èmi mọ̀, ìkóóde rẹ̀ nìkan ló pọ́n;
eléyìí pọ́n dé èékánná,
omi ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí èyí tí wọ́n pò mọ́ aró.
Bọ̀dúnrìn tó sìn mí wá ní, "Ọ̀gá, wo àwọ̀!"
Mo ní ẹni tó fẹ́ tà á ló fi àtíkè pa á lójú.
Bí odídẹrẹ́ ṣe rí kọ́ ni mo wá wò.

Ọmọkùnrin tó ń tajà, Callum, òtútù ti dí i nímú,
ó ń ka lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta sí mi létí bí ọmọ alábídí,
ó ní píksẹ́lì rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ.
Mo ní, "O ṣeun. Mélòó nínú wọn ló lè ṣe dúdú?"
Ó wo Bọ̀dúnrìn. Bọ̀dúnrìn wo bàtà rẹ̀.

Mo bá yọ fóònù, mo ní kó gbé fídíò mi sí i:
màmá mi, Àwẹ̀ró, lẹ́yìnkùlé ní Ìgbájọ,
lálẹ́, iná ti lọ, àtùpà kan lórí àpótí,
ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ń bú mi pé n kì í pè.
Ó dúdú, ó ń dán bí kóró iṣin.

Èyí tó kéré jù lówó sọ ọ́ di eérú.
Eyín ń sọ̀rọ̀ láìsí ẹnu.
Èyí tí wọ́n ń tà ní irinwó gbé e jáde látòkè délẹ̀,
pélé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú okùn bùbá, ẹ̀fọn tó bà lé e léjìká,
mo fẹ́rẹ̀ẹ́ na ọwọ́ pa á.
Mo wo iye rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo kí i pé ó dàbọ̀.

Ọ̀kan wà ní kọ̀rọ̀, páálí rẹ̀ ti ya,
ẹnì kan ti rà á, ó ti dá a padà:
igba ó lé mọ́kàndínlógún.
Òun náà kọ́kọ́ ṣe eérú.
Mo ní, "Callum, bọ́ aṣọ ìsọ̀ lọ́rùn rẹ̀,
dín iná ẹ̀yìn rẹ̀ kù, pa gbogbo àṣejù yẹn."
Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀.
Òkùnkùn padà sí ààyè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀,
ìyá mi sì yọ nínú rẹ̀: èjìká, ọrùn, pélé kan, pélé kejì.
Mo sanwó.

N ò ní purọ́ fún yín.
Ohùn rẹ̀ dà bí ti ìrẹ̀ inú agolo.
Bí o bá tẹ̀ ẹ́, á kọ́kọ́ ronú,
bíi bàbá tó ń wá awò tó wà lójú ara rẹ̀.
Ó ń polówó oúnjẹ ajá fún àwa tí a ò lájá.
Lẹ́tà àwọn agbowó láísẹ́ńsì dé kí n tó ju páálí nù.
Ẹni tó bá sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, eérú ló máa rí,
nítorí náà àárín àga ni gbogbo wa ń há ara wa mọ́,
èmi, ìyàwó mi, Fadékẹ́mi láàárín wa pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù rẹ̀.

Lánàá ó ní, "Dádì, ṣé pélé méjì ni Màmá Ìgbájọ ní?"
Mo ní mẹ́ta ni.
Mo dìde, mo fi ìka tọ́ ìkẹta fún un lórí gíláàsì.
Àmì ìka náà ṣì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó nù ún.