Ìṣápá Tí Kò Ga Ju Ọrùn-Ẹsẹ̀ Lọ

Kí n tó rí i, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ pa.
Khonzaphi Mabaso ló pariwo: "Gbé ẹsẹ̀ ẹ!"
Mo gbé ẹsẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo kúnlẹ̀,
mo tún fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lélẹ̀
kí ojú èmi àtirẹ̀ tó ṣe mẹ́rin.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n dáná sun pápá náà,
lórí òkè tó kọjú sí odò Thukela.
Eérú ṣì ń bá atẹ́gùn ṣeré.
Ohun tó ga ti jóná,
ohun tó kéré ló wá ń yọjú.

Láti Pietermaritzburg ni wọ́n ti rán mi:
"Lọ ya àwòrán rẹ̀ wá, kí o sì wọ̀n ọ́n dáadáa."
Pẹ́ńsù mẹ́fà, rúlà kan, awò kan tí mo so kọ́rùn.
Mo wọn ìdúró rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàlá,
bí a bá ka ìgbéraga rẹ̀ mọ́ ọn.

Ewé rẹ̀ rí bí ahọ́n ọmọ ewúrẹ́,
iṣan mẹ́ta ló jọ gbéra láti ìdí,
ìyá láàárín, ọmọ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Irun ara rẹ̀ kì í ṣe irun lásán:
mo gbé awò lé e,
ìkọ̀ọ̀kan là sí mẹ́rin, sí mẹ́fà,
ìràwọ̀ ni, ìràwọ̀ tó ń gún ni lọ́wọ́
bí irùngbọ̀n ọkùnrin tó fárí lánàá.

Òdòdó rẹ̀! Ó funfun, ó fẹ́ pọ́n, bí ọ̀rá ojú wàrà.
Àárín òdòdó ilá máa ń ṣú,
tèyí mọ́ láti etí dé ìdí.
Ewé òdòdó márùn-ún, ìkíní gun èjìká ìkejì,
ìkejì gun ti ìkẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀,
ìkarùn-ún sì padà gun ìkíní,
n kò mọ èyí tí ǹ bá pè ní àgbà.
Ọ̀pá kan dúró láàárín, àtíkè kún un lára,
orí wẹ́wẹ́ márùn-ún ń wòta ní ṣóńṣó rẹ̀.
Nísàlẹ̀, ẹ̀wù méjì ló wọ̀ léra,
ti òde tín-ín-rín bí okùn bàtà.
Kí ló tún ń sá fún,
ẹni tí iná ti kọjá lórí rẹ̀?

Mo ti ya mẹ́rin.
Mo ń gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù fún ìkarùn-ún
nígbà tí màlúù Sphelele, pupa oníwo kan,
na ọrùn kọjá èjìká mi.
Ẹ̀ẹ̀kan péré.
Ó ń jẹnu lọ bí ẹni tó ń ro ọ̀rọ̀ àná.

Ọmọ náà fi ọ̀pá lé e, ó ti pẹ́ jù.
Khonzaphi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú eérú.
Ó fa ọkọ́, ó ha ilẹ̀:
gbòǹgbò! Ó le bí igi, ó nípọn ju àtàǹpàkò mi,
àpá igi àtijọ́ kún ọrùn rẹ̀.
Mo ka mọ́kàndínlógún, mo ṣìkà.
"Màlúù ìyá mi jẹ ẹ́," ó ní,
"iná ọdọọdún ń jẹ ẹ́,
ìwọ náà sì dé, o fi pẹ́ńsù jẹ ẹ́."
Ó fi gìgísẹ̀ da erùpẹ̀ bò ó.

A rí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta nírọ̀lẹ́.
Ó ti padé, ó ti pọ́n bí ètè ọmọ tó sunkún sùn.
Òní nìkan ló ní, ó sì ti ná an.

Ọ̀gá mi ní kí n fi ìkarùn-ún kún un,
ṣebí gbogbo wọn jọra.
N kò fi kún un.
Gbòǹgbò ni mo yà,
mo ń yà á lọ sísàlẹ̀,
títí ìwé fi tán.