Mẹ́gáàdì Inú Ẹ̀yìn Mi

Ọdún kọkànlá rèé tí ẹ̀yìn ti ń dùn mí.
Mo fi ìpara pa á, mo fi omi gbígbóná jó o,
mo jókòó bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ àga
nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ mi ní Sábọ̀n Gàrí, Sàríà,
ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni mo fi ń tẹ máṣíìnì.
Wọ́n ya fọ́tò egungun mi ní ọsibítù.
“Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.”
Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹ̀yìn lọ.
Ṣé irọ́ ni mo wá ń pa ni?

Tàlátù, ọmọ Zónkwà, ni kò fi mí rẹ́rìn-ín.
Ó gbé ọwọ́ tútù lé mi nídìí,
ó ní, “Bàbá, ta ló ń ṣọ́ ilé yín?”
Mo ní Ṣéídù ni.
“Ṣé olè ti jà yín rí?”
Lẹ́ẹ̀kan. Ó ti pẹ́.
“Láti ìgbà náà ńkọ́?”

Ẹ̀rín pa mí.
Láti ìgbà náà, bí aláǹgbá bá sáré lórí páànù,
Ṣéídù á fọn fèrè.
Ewé dóńgóyárò já: fèrè.
Bí èmi baálé bá jáde lọ tọ̀ lóru,
á tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú: “Wàné né?”

“Fèrè kì í ṣe irọ́,” ni Tàlátù wí,
“etí yín gbọ́ ọ dáadáa.
Ṣùgbọ́n fèrè kọ́ ni olè.
Ẹ máa rìn kọjá níwájú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀,
títí yóò fi dá ẹsẹ̀ yín mọ̀.”

Ọjọ́ kìíní, mo dé ìdí dóńgóyárò. Fèrè.
Mo dúró. Mo mí. Mo padà.
Ọ̀sẹ̀ kejì, mo dé ibi tí Làádì ti ń dín kósáì;
fèrè, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti ń há.
Lọ́jọ́ kan ara mi yá gágá, mo ṣe bí ọ̀dọ́,
mo rìn kọjá ojú irin, mo tún ru ìdì aṣọ bọ̀ wálé.
Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá ẹní sọ̀rọ̀.
Tàlátù pòṣé: “Ta ló ní kẹ́ ẹ sáré
kọjá níwájú mẹ́gáàdì lóru?”

Láàárọ̀ yìí, ọyẹ́ bo ojú irin.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan irin tó tutù nini.
Nínú ìbàdí mi, ẹnì kan gbé fèrè dé ètè,
ó wò mí,
ó sọ ọ́ kalẹ̀.

Nígbà tó di alẹ́, ó tún fọn ún.
Mo dá a lóhùn nínú òkùnkùn:
èmi ni.
Èmi náà ni.