Kọfí Tí Kò Wálẹ̀

Ní ìkóríta Òkèṣà, kí oòrùn tó yọjú,
Málàmù Láwàlí á gbé kọ́ọ̀pù kan ga ju fìlà rẹ̀ lọ,
á gbé ìkejì sí ìbàdí,
kọfí á sì nà tọọrọ láàárín méjèèjì
bí òwú lẹ́nu kẹ̀kẹ́.
Kò já. Kò ta sílẹ̀.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń wò ó
kó tó yé mi pé ìdajì iṣẹ́ yẹn,
ilẹ̀ ló ń bá a ṣe é.
Láwàlí nìkan la sì ń sanwó fún.

Ìbíronkẹ́ ló dá a sílẹ̀ ní kíláàsì
lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan tí òjò ń halẹ̀:
"Tíṣà, àwọn tó ń gbé ojú òfuurufú,
báwo ni wọ́n ṣe ń mu kọfí?"

Mo ní, ẹ bu ú sí kọ́ọ̀pù, ẹ dorí kọ́ọ̀pù kodò,
kò ní dà. Ibo ni kó dà sí?
Ìsàlẹ̀ ò sí níbẹ̀, òkè náà ò sí.
Ẹ wá gbọ̀n ọ́n:
á já bọ́ síta, á ká ara rẹ̀ jọ roboto
bí ẹyin tí kò ní èèpo,
á máa gbọ̀n, á máa rìn gbéregbère níwájú imú yín
bí àlejò tó gbàgbé ilé tó ń lọ.
Nítorí náà, inú ọ̀rá ni wọ́n ń rọ ọ́ sí,
wọ́n á fi sítírọ̀ fà á mu,
bí ẹ ṣe ń fi eyín já etí ọ̀rá omi lẹ́yìn bọ́ọ̀lù.
Ibi tí omi tí wọ́n fi pò ó ti wá,
mi ò sọ fún wọn. Wọn ò tíì jẹun ọ̀sán.

Adéṣuyì pariwo láti ìjókòó ẹ̀yìn:
"Gbogbo owó yẹn, tórí ọ̀rá?"
Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n kọfí inú ọ̀rá kì í rùn síta,
kọfí tí kò ní òórùn, ìkíni orí fóònù ni:
ẹ gbọ́ ohùn, ẹ ò rí ojú.
Ni ẹnìkan bá jókòó, ó ká kọ́ọ̀pù kan
bí a ṣe ń ká ewé kókò létí odò,
ó fún un ní igun tóóró kan láti ìdí dé ètè.
Kọfí á wọ igun yẹn, á máa gùn ún
bí kẹrosíìnì ṣe ń gun òwú àtùpà,
láìsí ẹni tó tì í, láìsí ẹni tó pè é,
títí á fi dé etí kọ́ọ̀pù, tí á máa retí ẹnu.
Imú á sì gba tirẹ̀.

Lálẹ́ mo rò ó fún bàbá mi,
ọkùnrin tó fẹsẹ̀ ru aṣọ dé Ọ̀fà, dé Jẹ́bà,
tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà àwọn onígbèsè
láti òwúrọ̀ títí ewúrẹ́ fi wọlé.
Kò bi mí léèrè kọfí.
Ó ní, "Ǹjẹ́ èèyàn lè lóṣòó níbẹ̀?"
Mo ní rárá, Bàbá. Ẹni tí kò wúwo ò lè lóṣòó.
Orúnkún á ká, ṣùgbọ́n ìdí ò ní súnmọ́ ilẹ̀,
ẹ mí kanlẹ̀ báyìí, ẹ ti léfòó kọjá òrùlé onígbèsè.
Ó ronú sí i.
"Ẹ má tàwìn níbẹ̀ o."
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.

Láti ìgbà tí apá òsì rẹ̀ ti kọ̀ ọ́,
sítírọ̀ lòun náà fi ń mu tirẹ̀.
Apá kan ni mo fi ń gbé e dìde lórí ibùsùn,
ẹni tó ń ru ìdì aṣọ mẹ́rin,
ẹ̀rù sì ń bà mí bó ṣe fúyẹ́ tó.
Lálẹ́ yẹn, ẹ̀kán kọfí kan bọ́ lẹ́nu rẹ̀,
ó gba irùngbọ̀n kọjá, ó já sórí aṣọ ìbora.
Mo nawọ́ láti nù ún.
Ó ní, "Fi í sílẹ̀."
Ó tẹjú mọ́ ibi tó dúdú yẹn pẹ́.
"Ó wálẹ̀," ni bàbá mi wí.
"Ṣé o rí i? Ó ṣì ń wálẹ̀."