Ìdajì Pupa

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n kó àmì náà dé,
róbótó-róbótó bí owó ẹyọ,
pupa, àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ewé,
nínú páálí kan tí kò wúwo tó búrẹ́dì.
Ọ̀gá láti òkè ní: "Ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ oúnjẹ.
Aláwọ̀ ewé, kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lọ.
Ìyeyè, kí wọ́n rò ó lẹ́ẹ̀mejì.
Pupa, kí ọwọ́ dúró díẹ̀ kó tó nà."
Ó lọ. Kò mu tíì.

Ishbel ti ń dáná nílé ìwòsàn yìí ní Dundee
kí wọ́n tó bí àwọn dókítà tó ń bá a wí.
Ó lẹ àwọ̀ ewé mọ́ ọbẹ̀ ẹ̀wà wẹ́wẹ́,
ó lẹ ìyeyè mọ́ ẹja.
Nígbà tó kan páì ẹran,
ó gbé àmì pupa sórí ìka, ó wò ó, ó wò ó,
bí ẹni tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn ọmọ rẹ̀.

Èmi tí mò ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà, mo dákẹ́.
Lédè ìyá mi, pupa kì í ṣe "dúró".
Èso tó bá pọ́n ló ń pe ọwọ́.
Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú là ń fi sílẹ̀ sí kọ̀rọ̀
títí ara rẹ̀ yóò fi rọ̀, tí yóò gba àwọ̀.
Bí ìyá mi bá dúró sórí ìlà yìí,
pupa ni yóò nawọ́ sí láìbéèrè.

Lachlan ló ń ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn.
Lọ́dún èṣí wọ́n la àyà òun náà, wọ́n tún un rán.
Ó wo páì. Ó wo àmì.
Ó ṣí i kúrò, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà ẹ̀wù iṣẹ́,
ó nà gbọọrọ bí ológun tó ń gba oyè.
Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo gba owó rẹ̀.
Nígbà tó fi di Ọjọ́ Ẹtì, ó ti di ọ̀gágun:
àmì márùn-ún, lókè àpá gan-an.

Nílé, ó ń sọ fún Effie pé ọbẹ̀ lòun ń mu.
Effie, tó ń pín oògùn rẹ̀ sínú àpótí ọlọ́jọ́ méje.
Ṣùgbọ́n ẹ̀wù kì í bá ẹni tó ń fọ̀ ọ́ purọ́.
Mẹ́rin ló rántí ṣí kó tó wọlé.
Ẹ̀karùn-ún ti yọ́ bọ́ sábẹ́ apá,
omi gbígbóná kò rí i ṣí.
Effie kò pariwo.
Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí oògùn, lórí Ọjọ́ Àìkú,
ó gbé e síwájú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì,
ó sì lọ wo òjò lójú fèrèsé.

Lachlan fúnra rẹ̀ ló sọ ìyẹn, kò sọ ìyókù.
Ohun tí mo rí ni pé lọ́jọ́ Ajé kejì
ó dúró níwájú oúnjẹ bí ọmọ tó sọ owó nù.
Ó nawọ́ sí ọbẹ̀. Ó fà á padà.
"Òórùn ilé ìyá mi nìyẹn," ó ní. Páì ló ń sọ.

Ishbel kò fèsì.
Ó bu ọbẹ̀ kún abọ́.
Ó mú ọ̀bẹ, ó gé páì kan sí méjì.
Ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé àmì pupa náà sí méjì,
ó rọra lẹ ìdajì mọ́ ìdajì,
bí ẹni tó ń di ọgbẹ́.
Ó ju ìdajì yòókù sẹ́nu ara rẹ̀.

Èló ni kí n gbà? Ẹ̀rọ owó mi kò mọ ìdajì.
Mo tẹ ọbẹ̀.
Mo gbójú sókè àjà.