Kíka Tanwíjí

Ọjọ́ Ajé, aago méje àárọ̀, Ìsàlẹ̀-Afọ́n, Ògbómọ̀ṣọ́.
Ṣíbí funfun, ìgò mẹ́ta, tọ́ọ̀ṣì, wọ́n wà nínú báàgì mi.
Mo kan ilẹ̀kùn páànù kan.
"Ta nìyẹn?"
"Èmi ni. Mo wá wo omi yín."
Ajá gbó. Ẹnìkan ní, "Wolé-wolé ti dé o,"
àwọn ọmọdé sì bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá mi ṣe iṣẹ́ yìí rí, láyé ìgbà tí wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀.
Ṣòkòtò kakí, akoto lórí, ọ̀pá gígùn lọ́wọ́;
bó bá yọ lókèèrè, wọn a sáré dé ìkòkò,
wọn a gbá àgbàlá tí wọn ò gbá láti àná.
Èmi ò ní ọ̀pá. Oyún oṣù mẹ́fà ni mo gbé, pẹ̀lú bàtà rọ́bà,
ẹnikẹ́ni kì í sá fún mi.
Wọ́n á ní kí n jókòó, wọ́n á bu omi fún mi mu,
omi kan náà tí mo wá yẹ̀ wò.

Mo ń ka tanwíjí.
Bí ẹ bá bi mí níṣẹ́ tí mo ń ṣe, òun nìyẹn.
Mo bu omi òjò nínú àmù Ìyá Tinúadé,
mo tẹjú mọ́ ṣíbí:
ọ̀kan ń jó, èkejì ń jó, ìkẹta takìtì lọ sísàlẹ̀
bí ọmọ iléèwé tó gbúròó tíṣà.
Mo kọ ọ́: àmù kan, mọ́kànlá.
Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Gbádégẹṣin fọkanáísà, táyà mẹ́sàn-án.
"Kí n dà wọ́n nù kẹ̀? Oníbàtà ti fowó sílẹ̀!"
Nígbà tó di igba, mo ṣíwọ́ kíkà.

Ẹ̀fọn tí mò ń wá kì í ṣe ti òru,
èyí tí í kọrin sí ni létí kó tó jẹ ni.
Ọ̀sán gangan ni tèyí ń ṣiṣẹ́, ní ìdákẹ́rọ́rọ́,
ó wé ìlà funfun mọ́ ẹsẹ̀ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín,
omi tó tòrò ló sì fẹ́, bíi tiwa.
Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ mi ti ń ṣòroó gbà.
Bí mo bá ní omi yín dọ̀tí, wọ́n á bínú, wọ́n á fọ àmù.
Ṣùgbọ́n "omi yín mọ́, ẹ dé e" –
ta ní í gbọ́ irú ẹ̀?

Lóṣù tó kọjá, lọ́nà Ìkòyí-Ilé,
Oyètádé, ọmọ ọdún mẹ́fà.
Ojú pọ́n, ìtọ̀ pọ́n.
Mo gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, mo fi yìnyín há a nínú kúlà,
awakọ̀ Ìbàdàn gbé e sábẹ́ ìjókòó.
Ìyá rẹ̀ ń bi mí lójoojúmọ́, "Ṣé ìwé ti dé?"
Ìwé kò tíì dé.
Àgbo ti dé. Wòlíì ti dé. Èébì dúdú ti dé.
Lọ́jọ́ kẹtàlá ìwé dé, ó ní bẹ́ẹ̀ ni,
ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni.
Wọ́n ti ká ẹní ọmọ náà.
Mo kọ ọ́. Ìlà kan péré ló gbà,
kò gùn ju ìlà tí mo kọ táyà sí.

Lálẹ́ àná mo fẹ́ bomi wẹ̀
nínú dúrọ́ọ̀mù tèmi, lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀.
N ò mọ ìgbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì.
Wọ́n wà níbẹ̀,
wọ́n ń jó.
Ọkọ mi ní, "Dà á nù jàre. Ta ló rí ọ?"
Mo wọlé lọ mú ìwé.
Níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ onílé, mo kọ tèmi.
Dúrọ́ọ̀mù kan, mẹ́tàdínlógún.
Lẹ́yìn náà ni mo tó dojú rẹ̀ délẹ̀
tí ilẹ̀ gbígbẹ mu wọ́n.